Ilé Tí Kò Dáhùn Àgò

Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ńlá àtijọ́ kan tí àwọn èèyàn ń sanwó wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó pọn ọmọ wa sẹ́yìn, ó ní òun ò wọlé. Èrò ti tò sẹ́yìn wa gùn dé ibi tí wọ́n gbin òdòdó sí. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti já a, àwa ló kàn. Kì í ṣe pé ó rẹ Màámi, ẹ̀rù ò sì bà á. Ó ní òun ti ké àgò lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnikẹ́ni ò dá òun lóhùn.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Wọ́n ti ní ká wọlé."

"Ta ló ní ká wọlé? Ọmọbìnrin tó ń já ìwé yẹn? Ṣé òun ló nilé?"

"Òṣìṣẹ́ ni, mà."

"Mi ò bi ọ́ léèrè òṣìṣẹ́. Onílé ni mò ń pè."

Ojú ń tì mí, ara mi ò sì balẹ̀. Bí ẹ bá bi Ṣadé ìyàwó mi, á sọ fún yín pé ara mi kì í balẹ̀ níbikíbi, pé bí mo bá tiẹ̀ jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa mì bí ẹsẹ̀ télọ̀ tó ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n àìbalẹ̀ ara ti ọjọ́ yẹn ní ìdí. Èmi ni mo kó gbogbo ilé jáde, mo sì mọ ohun tí mò ń wá. Mo fẹ́ kí Màámi rí nǹkan tó máa dùn mọ́ ọn débi tí á fi gbàgbé pé òun fẹ́ máa lọ sílé.

Ilé wa wà ní Abà Ọ̀dàn. Téèyàn bá kúrò ní Ìyànà Ọ̀fà, tó yà sí ọ̀nà erùpẹ̀, tó sì kọjá odò kékeré kan, á rí igi ọ̀dàn tí wọ́n fi sọ abà náà lórúkọ. Bàbá mi ló kọ́ ilé náà, iwájú rẹ̀ náà la sì sin wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń jókòó sórí sìmẹ́ǹtì ojú oórì wọn, wọn á máa bó ẹ̀gúsí, wọn á máa pariwo. Kò sí ẹni tó ń lé wọn. Àga onígi tí bàbá mi ń jókòó lé nígbà ayé wọn ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni tó bá sì dé ló ń jókòó lé e.

Ilẹ̀kùn kì í tì lójú mọmọ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá dé á dúró sí ìta, á ké àgò. Bí onílé bá wí pé "Àgò yà," ó di ẹni inú ilé nìyẹn. Bó bá ké e lẹ́ẹ̀mẹta tí kò gbọ́ èsì, á yí padà. Bó bá wá rí wa lọ́jà lọ́jọ́ kejì, á ní, "Mo ké àgò títí, ẹ ò sí ńlé." Àgò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkíni lásán. Òun la fi ń mọ̀ bóyá ilé ṣì ní èèyàn.

Nígbà tí mo dé ìlú òyìnbó, kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Gbogbo ayé ló ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó gbéra. Ilẹ̀kùn ni kò sí ẹni tó sọ fún mi. Àdúgbò tí wọ́n fi wá sí, ilé kan ò yàtọ̀ sí èkejì, gbogbo ilẹ̀kùn ló tì pa, tọ̀sán tòru. Ọkùnrin kan ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa. Mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti inú ògiri, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí omi, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ ojú rẹ̀. Mo sọ fún Ṣadé pé mi ò lè máa gbọ́ ikọ́ èèyàn kí n má kí i. Ló bá di ọjọ́ Sátidé kan, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò, mo lọ dúró síwájú ilé rẹ̀. Aago wà lára ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tẹ̀, ṣùgbọ́n lójú mi, ìyẹn jọ ti ọlọ́pàá. Mo pàtẹ́wọ́, mo sì gbóhùn sókè: àgò o, àgò onílé! Aṣọ ojú fèrèsé mì díẹ̀. Kò sí ẹni tó jáde. Lọ́jọ́ kejì, mo pàdé rẹ̀ níbi tí a ń da ìdọ̀tí sí, ó sì bi mí bóyá nǹkan kan ń dà mí láàmú.

Mo ní rárá o, mo kàn wá kí i ni.

Ó ní, "Nítorí kí ni?"

Mo ń wá èsì ìbéèrè yẹn títí dòní.

Mo ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Tíṣà ni mí nílé, odindi kíláàsì ló máa ń dìde kí mi láàárọ̀. Níbí, búrẹ́dì ló ń kọjá níwájú mi láti ìdájí títí di ọ̀sán, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tó kí mi. Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ ká gbọ́ ara wa, ọwọ́ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí mo bá délé, mi ò lè jókòó. Mo máa ń fọ mọ́tò tí mo ti fọ̀ lánàá. Ìlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti kó ìyàwó àti ọmọ kiri, mo sì máa ń ní iṣẹ́ ló fà á. Iṣẹ́ kọ́. Gbogbo ibi tí mo bá dé, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ìsinmi nìkan lọkàn mi máa ń sinmi díẹ̀. Bí Màámi bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà wọn, mo máa ń pè é. Kì í gbé fóònù sétí rí, ó ní ó ń gbóná. Á jẹ́ kó máa pariwo sóde, á gbé e lé apá àga bàbá mi, á máa ti ibi tó wà dá mi lóhùn. Láàárín ọ̀rọ̀, màá gbọ́ tí ẹnì kan á ké àgò, Màámi á sì dáhùn, ẹni náà á wọlé, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti òjò, ti ewúrẹ́ tó wọ oko olóko, ti ìyàwó tuntun tó bímọ. Wọ́n á gbàgbé pé mo wà lórí fóònù. Mi ò ní í sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn kí wọ́n gbàgbé mi bẹ́ẹ̀, torí ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo wà ní yàrá kejì.

Nígbà tí a bí ọmọ kejì, Màámi wá bá wa. Àlàyé bó ṣe dé kò ṣe nǹkan kan fún ìtàn yìí, ó dé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ilé yíká, ó ní, "Ilé yín mọ́. Ṣùgbọ́n ó dákẹ́ jù." Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdákẹ́jẹ́ náà dànù. Ó ń kọrin ìjọ wọn bó ṣe ń wẹ ọmọ. Ó ń bá Àdùnní, àkọ́bí wa tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sọ Yorùbá, bí Àdùnní bá sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, á ní òun ò gbọ́, etí òun ti di. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, ọmọ tí mo ti sọ̀rètí nù lórí èdè rẹ̀ ń sọ pé, "Ẹ kúuṣẹ́, Dádì," fún mi. Mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ sunkún lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké àgò. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án, màá fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, màá sì dúró níbẹ̀. "Àgò o!" Màámi á ti inú ilé ìdáná dáhùn, "Àgò yà o, máa wọlé, ọkọ mi." Ìgbà yẹn ni mo máa ń wọlé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, mo mọ̀ pé mo délé.

Ṣadé náà rí ìsinmi. Ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ti dé ọdún tó kẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ ti le jù. Bí kì í bá ṣe ti Màámi tó ń gbọ́mọ, ì bá ti dá ẹ̀kọ́ náà dúró. Ìwé àṣẹ tí wọ́n fi jẹ́ kí Màámi wọ̀lú ṣì láyè oṣù púpọ̀. Èmi ti ń ronú bí a ṣe máa ṣe é tí á fi pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó bà á jẹ́ ni ìpè kan. Ìyá Rẹ̀mí, obìnrin tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa ní Abà Ọ̀dàn, pe Màámi lọ́jọ́ kan, ó ní òjò ti bẹ̀rẹ̀.

"Koríko ti dé ojú fèrèsé yín o, Màmá. Ikán ti ń jẹ férémù ilẹ̀kùn. Mo ní kí wọ́n bá mi ro iwájú ilé, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, mi ò rí wọn."

"Ojú oórì ńkọ́?"

"Mò ń gbá a nígbà tí mo bá ráyè."

"Ṣé èèyàn ń yà síbẹ̀?"

"Wọ́n ń yà. Wọ́n á ké àgò. Èmi ni mo máa ń ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi sọ fún wọn pé ẹ ò tíì dé. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti mọ̀ báyìí, wọn kì í yà mọ́."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo bá a tó ń ká aṣọ sínú báàgì. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun fẹ́ máa lọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Ṣadé kúnlẹ̀. Ó ní, "Àjò ò lè dùn kónílé má relé." Ni mo bá pète ìrìn àjò lọ wo ilé ńlá yẹn ní ọjọ́ Sátidé. Mo ní lọ́kàn mi pé àgbẹ̀ ni ìyá mi, inú ilé tí a há a mọ́ bí adìyẹ tó ń sàba ló sú u. Bó bá rí oko, tó rí ilẹ̀ tó tẹ́jú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ọkàn rẹ̀ á wálẹ̀.

Mọ́tò ò tíì dúró dáadáa tó ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ilẹ̀ náà gbòòrò lóòótọ́, igi ńláńlá dúró káàkiri inú rẹ̀, àgùntàn sì ń jẹ̀.

"Ta ló ń ro gbogbo ilẹ̀ yìí?"

"Wọn kì í ro ó, mà. Koríko ni wọ́n fẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Ilẹ̀ tó tó báyìí?" Ó tẹ ìka mọ́ erùpẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ilẹ̀ dúdú báyìí, koríko ni wọ́n gbìn sí i? Olúwa ṣàánú."

Ṣadé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bí mo ṣe ń fi èyí hàn án ni mo ń fi tọ̀hún hàn án. Báyìí la ṣe dé ẹnu ọ̀nà ilé ńlá náà, tí Màámi ké àgò, tí kò sì sí ẹni tó dáhùn.

Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ti ń húkọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí a fi kẹ̀kẹ́ ọmọ sílẹ̀ ní ìta, ẹ̀yìn Màámi sì ni ọmọ wà, nítorí náà ìyẹn ò ṣòro. Àgò ló ṣòro. Nígbà tí mo rí i pé kò ní í mira, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo wọ inú gbọ̀ngàn ńlá náà, mo yí padà, mo sì dojú kọ ọ́ láti inú ilé.

"Àgò yà o! Ẹ wọlé, mà."

Gbogbo èèyàn ló ń wò mí. Màámi náà wò mí láti òkè délẹ̀.

"Irọ́ lo pa," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́." Ó sì wọlé.

Ẹwà ilé náà kọjá àlàyé, mi ò sì ní í tan ara mi pé mo lè sọ ọ́ tán. Àjà rẹ̀ ga, wọ́n kun ún ní wúrà. Àwòrán àwọn bàbá ńlá àti ìyá ńlá ìdílé náà wà lára ògiri gbogbo, Màámi sì ń kúnlẹ̀ díẹ̀ fún àwọn tó bá jọ àgbà lójú rẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ kú ilé o." Níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ ni ibi àwọn àga. Wọ́n ta okùn pupa sí iwájú gbogbo àga tó wà nínú ilé náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó. Wọ́n ta á yí bẹ́ẹ̀dì ká. Wọ́n ta á yí tábìlì oúnjẹ ká, tí àwo àti ṣíbí sì wà lórí rẹ̀ bí ẹni pé àlejò ń bọ̀.

"Àga tí a kì í jókòó lé," ni Màámi bi mí, "kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ti pẹ́ ni, mà. Wọn ò fẹ́ kó bàjẹ́."

"Àga bàbá rẹ náà ti pẹ́."

Bàbá arúgbó kan ń fi ilé náà han àlejò, ó nírun funfun, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dà bíi pé ó fẹ́ràn Màámi, torí ó tẹ̀ lé wa láti yàrá dé yàrá títí tí a fi jáde sí ilé ìsìn kékeré tí ìdílé náà kọ́ fún ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Màámi rí àgbélébùú, ojú ẹsẹ̀ ló bọ́ bàtà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn nìyẹn. Ilẹ̀ mímọ́ ni, bàtà ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Òkúta ilẹ̀ náà tutù bí omi kànga. Bàbá náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo tiwa tó wọ bàtà. Ṣadé bọ́ tirẹ̀. Mo bọ́ tèmi. Àdùnní ti bọ́ tirẹ̀ kí a tó wí.

Ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ sùn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ lé àyà.

"Àwọn wo nìyí?"

"Àwọn tó nilé ni, mà. Abẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n sin wọ́n sí."

Ojú Màámi là. "Òyìnbó náà ń sin òkú sílé? Bíi tiwa?" Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó fọwọ́ kan òkúta náà, ó kí wọn, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ìdùnnú rẹ̀ mú orí mi wú. Mo ní ète mi ti ń ṣiṣẹ́, ó ti ń rí ara rẹ̀ níbí. Ni ó bá yíjú sí bàbá arúgbó náà, ó ní, "Bi wọ́n léèrè fún mi. Àwọn ọmọ wọn ńkọ́?"

Mo bi bàbá náà. Ó fara ti àga ìjókòó gígùn kan, ó sì sọ ọ́ fún mi kúlẹ̀kúlẹ̀. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo ló kù nínú ìdílé náà nígbẹ̀yìn. Ó re òkè òkun nígbà èwe rẹ̀, láti lọ ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń sún mọ́, á ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Wọn á ṣí fèrèsé, wọn á gbọn eruku. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ìyá rẹ̀ fi kú, títí òjò fi ń wọ òrùlé. Ó bímọ sọ́hùn-ún, ó kú sọ́hùn-ún, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì mọ ilé náà. Ẹgbẹ́ kan tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ ló wá gbà á.

Bàbá náà parí ọ̀rọ̀. Màámi ń wojú mi.

"Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní ìtàn náà gùn, mà."

"Ìtàn gígùn náà ni kí o sọ."

Kí n tó ṣe bí ẹni ń ronú tán, Àdùnní ti di ìyá àgbà rẹ̀ mú lọ́wọ́. Ó ń wá ọ̀rọ̀ jọ díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ń ṣa ẹ̀gúsí nínú èèpo. "Ìyá Àgbà, wọ́n ní ọmọ wọn lọ sí òkè òkun. Ó ń sọ pé òun ń bọ̀, òun ń bọ̀. Kò wá. Màmá rẹ̀ kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ ilé. Ilé wá di ti àwọn tó ń wò ó."

Yorùbá tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ò tíì jáde lẹ́nu ọmọ náà rí. Kò ṣì í sọ. Oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ǹ bá gbé e sókè, ǹ bá jó. Ṣùgbọ́n inú bí mi sí i, ẹ dárí jì mí, inú bí mi sí ọmọ mi torí pé ó gbọ́ èdè ìyá mi. Mo mọ̀ pé omi ti tán lẹ́yìn ẹja.

Màámi tẹrí ba fún bàbá arúgbó náà, ó sì fẹsẹ̀ lásán jáde, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

A jókòó jẹun lábẹ́ igi ápù kan lẹ́yìn ilé náà. Mọ́ínmọ́ín ni Ṣadé sè wá, ó ti tutù. Mi ò lè jókòó. Mo ń rìn lọ, mo ń rìn bọ̀ níwájú wọn, mo ń sọ̀rọ̀. Mo ní ilé òyìnbó nìyẹn, tiwa yàtọ̀. Mo ní mo máa rán owó sílé kí wọ́n ro iwájú ilé, kí wọ́n pa ikán. Mo ní ọdún tó ń bọ̀ gbogbo wa á jọ lọ. Bí mo ṣe sọ ìyẹn ni mo gbọ́ ohùn ara mi, mo sì dákẹ́.

"Jókòó," ni Màámi wí.

Mo jókòó.

"Bàbá rẹ wà níwájú ilé. Èmi ni mò ń gbá ojú oórì wọn láràárọ̀, èmi ni mò ń dáhùn àgò. Bí mo bá jókòó tì ọ́ níbí, lọ́jọ́ kan wọn á ta okùn síwájú àga bàbá rẹ."

"Màámi, ta ló máa san owó wá wo Abà Ọ̀dàn?"

"Ìyẹn gan-an ló burú. Ẹni tó máa ta okùn pàápàá ò ní í sí. Koríko ló máa ta á."

Mo wá sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún un rí. Mo ní, "Tẹ́ ẹ bá lọ, ta ló máa dáhùn àgò tèmi?"

Omi dé ojú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó sún ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sókè, ó tún ọ̀já so. Ṣadé ló sọ̀rọ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa ni lára jù.

"Ẹ máa lọ, mà. A máa rí i ṣe."

Mo yíjú sí i pẹ̀lú ìbínú. "Ẹ̀kọ́ rẹ ńkọ́?"

"Mo ní a máa rí i ṣe, Dádì Àdùnní. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi tún sọ irú ìtàn yẹn nítorí ilé wa."

Màámi lọ ní ọ̀sẹ̀ náà. Nígbà tó ń jáde nílé wa, ó yí padà lẹ́nu ọ̀nà, ó wo inú ilé, ó sì gbàdúrà fún ilẹ̀kùn.

Ṣadé ò dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró. Mo ní kí wọ́n yí àkókò iṣẹ́ mi padà sí ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá ń wọlé ni mò ń jáde, ẹnu ọ̀nà la ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wa. Ìgbà mìíràn wà tí a kì í rí ara wa ju ìyẹn lọ láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì. Ó rẹ̀ wá, a sì ń jà lórí ohun tí kò tó nǹkan. Mo tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ mọ́tò tó mọ́. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ẹni tó bá pẹ́ nílùú, ìlú á di tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Èmi ò tíì rí i. Mo ní ilé síbí, kò sí ẹni tí yóò yà síbẹ̀. Mo ní ilé sọ́hùn-ún, tí àwọn èèyàn ń yà sí, èmi ni mi ò sí níbẹ̀. Àárín méjèèjì ni ẹsẹ̀ mi wà, bóyá ìdí nìyẹn tó fi ń mì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ti dé iwájú ilé iṣẹ́ kí àkókò mi tó tó. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo pe Màámi. Bó ṣe máa ń ṣe náà ló ṣe: ó jẹ́ kí fóònù pariwo sóde, ó gbé e lé apá àga bàbá mi. Ó ní ikán ti tán lára férémù, ó ní òun ti gbin àgbàdo sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Láàárín ọ̀rọ̀, ó pariwo pé ewúrẹ́ ti wọ inú àgbàdo náà, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo dúró, mo ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Adìyẹ kan ń ké.

"Àgò o!"

Ohùn obìnrin kan ni, láti ìta. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo retí kí Màámi dáhùn. Mò ń gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn tó ń lé ewúrẹ́.

"Àgò onílé o!"

Ìkejì nìyẹn. Mo mọ bí ó ṣe ń rí. Ẹni náà máa ké e lẹ́ẹ̀kẹta, á dúró díẹ̀, á yí padà, á sì sọ lọ́jà pé kò sí èèyàn nílé yẹn mọ́. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń wọ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ lọ, ẹnì kan lu gíláàsì mọ́tò mi, ó nawọ́ sí aago ọwọ́ rẹ̀.

"Àgò o!"

Mo gbé fóònù sún mọ́ ẹnu, mo sì fi gbogbo agbára mi dáhùn.

"Àgò yà o! Ẹ wọlé, mà!"

Ẹsẹ̀ rọra tẹ sìmẹ́ǹtì. Obìnrin náà ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì rí ẹnikẹ́ni. "Ta ni mò ń gbọ́ yẹn? Ṣé kì í ṣe ọmọ wọn tó wà lókè òkun? Ìgbà wo lẹ dé?"

"Ẹ jókòó, mà," ni mo wí. "Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bọ̀ báyìí."

Mo gbọ́ bó ṣe gbé fóònù kúrò ní apá àga. Mo gbọ́ bí àga bàbá mi ṣe dún nígbà tó jókòó sínú rẹ̀. Ó ní oòrùn mú lónìí o, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní ṣé àlàáfíà ni ìyàwó àti àwọn ọmọ wà, mo ní àlàáfíà ni. Ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ti ń tì níwájú mi. Mo wo ẹsẹ̀ mi, kò mì.